Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Yí Ara Ká: Ta Ló Kọ́kọ́ Mọ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá bi yín nínú ìdánwò pé ta ló ṣàwárí pé ẹ̀jẹ̀ ń yí ara ká, ẹ kọ William Harvey, 1628, kẹ́ ẹ gba máàkì yín. Èmi náà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ń bẹ níbẹ̀, òun ni mo fẹ́ rò.

Ọ̀dọ̀ Galen ló ti bẹ̀rẹ̀, oníṣègùn ará Gíríìkì tí wọ́n bí ní ọdún 129, tó wá di ẹni tó ń tọ́jú ọba Róòmù. Ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń fi oúnjẹ ṣe ẹ̀jẹ̀, ara á sì mu ún tán bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi. Ó ní díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba àwọn ihò tójú ò lè rí kọjá nínú ògiri tó pín ọkàn sí ọ̀tún àti òsì. Ihò tójú ò lè rí! Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ táwọn olùkọ́ fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, táwọn yẹn ń dà á kọ. Ta ló fẹ́ bá olùkọ́ jiyàn?

Ibn al-Nafis bá a jiyàn. Ọmọ Damascus ni, Káírò ló ti ṣiṣẹ́ ìṣègùn. Ní 1242, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ògiri yẹn dí gbọin, kò sí ihò kankan níbẹ̀. Apá ọ̀tún ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, á pàdé afẹ́fẹ́ níbẹ̀, á wá padà sí apá òsì. Òótọ́ pọ́ńbélé! Michael Servetus náà sọ irú ẹ̀ ní Yúróòpù nínú ìwé ẹ̀sìn kan ní 1553, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dáná sun ún ní Geneva. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ọ̀rọ̀ Mẹ́talọ́kan ló pa á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Kí wá ni Harvey ṣe? Ìṣirò ni. Ó ní ká tiẹ̀ sọ pé ìdajì áúnsì ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde nígbàkigbà tí ọkàn bá lù kìì, ó sì ń lù ju 1,000 ìgbà lọ ní ìdajì wákàtí. Ìyẹn ti di 500 áúnsì, nǹkan bíi lítà 14! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà ò ju bíi lítà 5 lọ. Àmàlà mélòó lèèyàn fẹ́ jẹ tí ẹ̀dọ̀ á fi rí ìyẹn pèsè? Àfi tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀.

Ó tún so apá èèyàn. Ẹ lè dán an wò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: ẹ so apá yín lókè ìgbọ̀nwọ́, ẹ má so ó le jù, iṣan á wú. Ẹ fi ìka kan tẹ iṣan kan mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìkejì ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lọ sókè. Iṣan yẹn á ṣófo, ẹ̀jẹ̀ òkè ò ní lè padà wá. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké ló wà níbẹ̀, ọ̀nà ọkàn nìkan ni wọ́n ń ṣí sí. Fabricius tó kọ́ Harvey ní Padua ti rí wọn. Iṣẹ́ wọn ni kò mọ̀.

Ohun kan ṣẹ́ kù: ibo ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà bọ́ sínú iṣan tó ń dá a padà? Malpighi fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹ̀dọ̀fóró àkèré ní 1661, ó rí àwọn iṣan tíntìntín tó so méjèèjì pọ̀. Harvey ti kú láti 1657.

Ní tèmi, Harvey ló ni gbogbo àyíká náà, torí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni Ibn al-Nafis là. Ṣùgbọ́n ó là á ní ọdún 386 ṣáájú ìwé Harvey, ó sì yẹ kí orúkọ ẹ̀ wà nínú nóòtì wa. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ló tú u síta: al-Tatawi, ọmọ Íjíbítì tó ń kàwé ní Jámánì, ló bá ìwé náà pàdé ní láíbìrì kan ní Berlin ní 1924.