Ìdápadà ímeèlì

Ìdápadà ímeèlì ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tí ń gba ímeèlì bá kọ̀ láti gba lẹ́tà tí ẹ̀rọ mìíràn fi ránṣẹ́ sí i. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ tí ó ní orúkọ ìkànnì tiwọn, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó máa ń tẹ̀lé àmì @, tí wọ́n sì ń kọ̀wé sí àwọn tí ó ní àdírẹ́sì lọ́dọ̀ Gmail, Yahoo tàbí Outlook. Ní àwọn ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà, bíi Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lẹ́tà tí a dá padà lè jẹ́ ìwé ìgbaniwọlé tí ó ní gbèdéke ọjọ́.

Ẹ̀rọ tí ń gba lẹ́tà kò mọ ènìyàn. Àdírẹ́sì IP àti orúkọ ìkànnì ni ó mọ̀. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, àtúnṣe kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ lẹ́tà, bí kò ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣàkóso orúkọ ìkànnì náà.

Ìtàn

Ray Tomlinson, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí àsopọ̀ ARPANET ní ọdún 1971. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, Jon Postel gbé ìlànà SMTP jáde, èyí tí àwọn ẹ̀rọ ṣì fi ń gbé ímeèlì fún ara wọn. Ìlànà náà kò béèrè ẹ̀rí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí lẹ́tà ni ó fi í ránṣẹ́ ní tòótọ́, ibẹ̀ sì ni àwọn oníjìbìtì gbà wọlé. Ní Nàìjíríà, irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ sí 419, orúkọ tí ó wá láti abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ náà.

Láti dí àlàfo yìí, wọ́n gbé ìlànà mẹ́ta jáde: SPF ní ọdún 2006, DKIM ní ọdún 2007 àti DMARC ní ọdún 2012. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ọ̀pọ̀ lẹ́tà ránṣẹ́. Microsoft náà tẹ̀lé wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 2025.

Kíka èsì ìdápadà

Ẹ̀rọ tí ó kọ lẹ́tà máa ń sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, kíkọ̀ náà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ yóò sì máa gbìyànjú fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, ó ti kọ̀ ọ́ pátápátá. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ nìyí:

• 550 5.1.1: kò sí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ àṣìkọ lẹ́tà kan péré.
• 552 5.2.2: àpótí lẹ́tà ẹni tí a kọ̀wé sí ti kún.
• 421 4.7.0: ẹ̀rọ tí ń gba lẹ́tà ń fura, ó sì ní kí a dẹwọ́ ná.
• 550 5.7.1: ìlànà ẹ̀rọ tí ń gba lẹ́tà kò fàyè gbà á.
• 550 5.7.26: Gmail kò rí ẹ̀rí pé lẹ́tà náà wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni orúkọ ìkànnì.

Ohun tí ó ń fà á

Àìní ẹ̀rí. SPF jẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tí ó ní àṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní orúkọ ìkànnì kan. DKIM jẹ́ òǹtẹ̀ tí a lù sára lẹ́tà láti fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò yí i padà lójú ọ̀nà. DMARC ni ó ń sọ ohun tí a ó ṣe sí lẹ́tà tí kò yege nínú méjèèjì. Inú DNS, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ gbogbogbòò ti íntánẹ́ẹ̀tì, ni a ń kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sí. Orúkọ ìkànnì kan kò gbọ́dọ̀ ní ju àkọsílẹ̀ SPF kan ṣoṣo lọ. Bí ó bá di méjì, kò sí èyí tí yóò ṣiṣẹ́.

Yíyá orúkọ ẹlòmíràn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Yahoo ti kéde pé kí a kọ lẹ́tà tí ó bá jẹ́ orúkọ yahoo.com ṣùgbọ́n tí kò ti ọ̀dọ̀ Yahoo jáde. Ọ́fíìsì tí ìkànnì rẹ̀ bá ń fi àdírẹ́sì Yahoo ránṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ mìíràn yóò rí ìdápadà.

Aládùúgbò búburú. Ọgọ́rọ̀ ìkànnì lè jọ máa lo àdírẹ́sì IP kan lọ́dọ̀ ẹni tí ó yá wọn láyè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń fi jìbìtì ránṣẹ́, àjọ bíi Spamhaus, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, lè kọ àdírẹ́sì náà sínú ìwé ìdènà, gbogbo wọn yóò sì jọ jìyà rẹ̀.

Àìní orúkọ PTR. Àkọsílẹ̀ yìí ni ó ń so àdírẹ́sì IP padà mọ́ orúkọ. Ẹni tí ó ni àdírẹ́sì IP ni ó lè kọ ọ́, kì í ṣe ẹni tí ó ta orúkọ ìkànnì.

Ọ̀rọ̀ aṣínà tí a jí. Olè tí ó bá wọ àpótí lẹ́tà òṣìṣẹ́ kan lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yunifásítì Àjàyí Crowther, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, wà ní Ọ̀yọ́. Orúkọ ìkànnì irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí .edu.ng, abẹ́ .ng tí àjọ NiRA ń ṣàkóso.

Ìlànà ọdún 2024 kan irú wọn gbọ̀ngbọ̀n. Lójú Google, ẹni tí ó bá fi bíi 5,000 lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn àdírẹ́sì Gmail láàárín ọjọ́ kan ti di olùfiránṣẹ́ ńlá, ipò náà kì í sì í kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ìkéde kan ṣoṣo sí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé yunifásítì dé ibẹ̀. Láti ìgbà náà, ó gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC, kí àwọn tí ó ń fẹ̀sùn kàn án pé lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ìyọlẹ́nu má sì dé 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àtúnṣe

Ẹni tí a dá lẹ́tà rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ àdírẹ́sì tí ó kọ wò. Bí nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, kí ó ní sùúrù. Bí ó bá jẹ́ 5.7, kí ó fi odindi èsì ìdápadà náà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Ìròyìn pé "ímeèlì kò lọ" nìkan kò tó wọn láti fi ṣiṣẹ́. Títún lẹ́tà kan náà fi ránṣẹ́ lemọ́lemọ́ lè mú kí ìfura pọ̀ sí i.

Alábòójútó yóò yẹ SPF, DKIM, DMARC àti PTR wò, yóò sì wo bóyá àdírẹ́sì IP wà nínú ìwé ìdènà. Kí ó tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti wá àpótí tí olè wọ̀, kí ó sì ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà, nítorí pé àdírẹ́sì tí jìbìtì ṣì ń ti inú rẹ̀ jáde yóò tún padà sínú ìwé náà. Títí àtúnṣe yóò fi parí, ó yẹ kí ọ́fíìsì fi ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kàn sí ẹni tí ọjọ́ ń lé.