Àmì Kékeré tó Wà Lábẹ́ Ọ

Níbi ìnáwó kan ní Sùúrùlérè lóṣù tó kọjá, alága gba máíkì, ó ní ká má gbàgbé pé orúkọ Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé ni wọ́n fi ń pe àwọn wolé-wolé, àwọn tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò, látìgbà tí àrùn eku ti wọ Èkó ní 1924. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa tèmi. Ẹ̀ẹ̀kẹrin lọ́dún yìí nìyẹn tí mo máa gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ olúkúlùkù ń sọ ọ́ bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló ṣe.

N ò bá dókítà jà o. Ó gbógun ti àrùn eku, ó tún ètò àyẹ̀wò ilé àti ti èbúté ṣe, ó sì yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ. Orúkọ yìí nìkan ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún ò ní dá wa dúró rárá. Láti 1878 ni òfin ìmọ́tótó ìlú ti wà fún Èkó, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣàkóso wa pọ̀ mọ́ Gold Coast. 1892 ni wọ́n bí dókítà. Gómìnà MacGregor, tóun náà jẹ́ oníṣègùn, ti ń dí irà Kokomaiko, ó ti ń pín kuníìnì nítorí ibà, kó tó kúrò níbí ní 1904. Ẹnì kan lè ní iṣẹ́ ló ti wà, orúkọ ló dé lẹ́yìn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo orúkọ.

Olúwọlé: olú wọ ilé. Àmì wà lábẹ́ ọ. Wolé-wolé: ẹni tó ń wo ilé kiri. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ọmọ Èkó tó ń fẹnu sọ ọ́ kò lè ṣi ọ̀kan pè fún èkejì, àfi tó bá ń kà á nínú ìwé. Àwọn tó kọ ìtàn yìí ṣáájú wa kọ “wole wole” gbalaja, àwọn tó tẹ̀lé wọn dà á kọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lanu pè é sókè kó gbọ́ ohun tó ń kọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní àmì ló bí ọmọ, dókítà ni wọ́n wá gbé e fún!

Ti àmù tún wà níbẹ̀. Nílé ìyá ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí wolé-wolé bá dé pẹ̀lú ṣòkòtò kákí rẹ̀, kì í béèrè eku. Ìdí àmù ló ń gbà lọ. Á ṣí ọmọrí, á bẹ̀rẹ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì sínú omi, á máa wá tanwíjí. Kó tó kọjá ìloro, ìyá wa á ti da omi àná sí gọ́tà. Tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn! Bó bá jẹ́ eku ló mú wolé-wolé wá, kí ló dé tó fi jẹ́ pé àmù ni gbogbo àgbà tí mo bi léèrè ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà? Ti ẹ̀fọn ayé MacGregor ni mo rí níbẹ̀.

Àmọ́ ohun kan ò jẹ́ kí n sùn. Ní 1928, nígbà tí àrùn eku ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, ilé wíwó sì wà lára iṣẹ́ wọn. Wó ilé. Wólé. Ohùn òkè kan péré ló wà láàárín ẹni tó wá wolé àti ẹni tó wá wólé. Ní 1955, àwọn kan náà ló tún wá wó Ìsàlẹ̀ Èkó.

Mo bi àgbà mẹ́ta ládùúgbò náà bí wọ́n ṣe ń pe wolé-wolé láyé ọjọ́un. Méjì pè é bí a ti ń pè é lónìí. Ìkẹta, ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, pè é, ó dákẹ́, ó tún un pè. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ohùn rẹ̀ gòkè.