A Wo Ilé Kí A Tó Sọ Epo Lórúkọ

Nígbà ọyẹ́, àdín àgbọn inú ìgò a máa dì gbagidi. Gbé e sí oòrùn: etí rẹ̀ á kọ́kọ́ yọ́, ègé funfun kéékèèké á máa léfòó láàárín, títí èyí tó kẹ́yìn yóò fi pòórá. Pípòórá ègé ìkẹyìn yẹn gan-an ni àwọn tó ń yẹ epo bàálù wò ń ṣọ́. Nínú epo Jet A-1, kò gbọdọ̀ sí ègé kankan mọ́ bí ooru bá ti gòkè dé ìwọ̀n 47 nísàlẹ̀ òdo, lórí òṣùwọ̀n Celsius. Dídì ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n yíyọ́ ni ojú òṣìṣẹ́ ń wò. “Ojú ìyọ́tán” ni èmi ń pè é.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú àwọn orúkọ èròjà epo bàálù tí à ń wá ní Yorùbá, imí ọjọ́ kò fún wa níṣẹ́: orúkọ rẹ̀ ti wà nílé kí bàálù àkọ́kọ́ tó fò. Èyí tó le ni àwọn èròjà tí Gẹ̀ẹ́sì fi òórùn sọ lórúkọ. Bí a bá pè wọ́n ní “olóòórùn”, òǹkàwé á rò pé imú la fi ń dá wọn mọ̀. Bẹ́ẹ̀, káábọ̀nù mẹ́fà tó so ọwọ́ pọ̀ yípo bí òrùka ni ìpìlẹ̀ wọn. Èròjà olórùka ni wọ́n.

Orúkọ yìí ṣe pàtàkì lónìí, nítorí epo bàálù ń yí padà. Wọ́n ti ń fi ọ̀rá àti epo tí wọ́n ti fi dín nǹkan ṣe é, irú epo bẹ́ẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní olórùka nínú. Èéfín rẹ̀ dín kù lóòótọ́. Àmọ́ olórùka ló ń mú kí rọ́bà ojú páìpù wú, kó fún pinpin. Bí kò bá sí, rọ́bà tí olórùka ti mọ́ lára á súnkì, epo á sì máa jò. Ìdí nìyí tí àdàlù epo tuntun àti ti àtijọ́ kò fi gbọdọ̀ ní olórùka tó dín sí ìdá 8 nínú 100. Nígbà tí bàálù ilé-iṣẹ́ Virgin Atlantic fò láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí New York ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2023 láìlo epo rọ̀bì rárá, ìdá 12 nínú 100 epo náà jẹ́ olórùka tí wọ́n fi ṣúgà inú ewéko ṣe.

Ọmọṣẹ́ tó bá gbọ́ “olóòórùn” á gbé imú sókè. Èyí tó bá gbọ́ “olórùka” á rántí rọ́bà róbótó ojú páìpù, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kó lọ yẹ̀ wò.