Gìrì, Wárápá àti Ọmọ Tó Ní Ọ́tísìm

Gìrì ni Yorùbá ń pe ìgbọ̀nrìrì tí ibà líle máa ń fà sí ọmọdé lára; èyí tó ń padà wá láìsí ibà ni wárápá. Láyé àtijọ́, àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, ààyù àti efinrin ṣe ni wọ́n ń dà sí ọmọ lẹ́nu. Àwọn mìíràn a na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Ìfẹ́ ọmọ ló ń sún wọn ṣe é, ó sì dunni, nítorí ìwádìí fi hàn pé àgbo yìí ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè pa ọmọ. Ìbẹ̀rù pé itọ́ ẹni tó ní wárápá ń ranni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe nílùú Igbó-Ọrà jáde: nǹkan bí ẹni 5 nínú 1,000 ló ní wárápá.

Ọ̀rọ̀ wárápá kan ọmọ tó ní ọ́tísìm pẹ̀lú. Dókítà Leo Kanner ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ọ́tísìm, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà àti bó ṣe ń báni sọ̀rọ̀, yékéyéké ní Amẹ́ríkà, ní 1943. Wárápá wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìm ju àwọn yòókù lọ, ó sì ṣòroó dá mọ̀: ọmọ tó tẹjú mọ́ ibì kan láìfèsì lè wà nínú ìrònú tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ wárápá. Fídíò irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí òbí fi fóònù ká ń ran dókítà lọ́wọ́ gidigidi.

Ní Ìgàndó, ní ìpínlẹ̀ Èkó, lónìí, Ilé Ìwòsàn Ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà nítòsí. Bí gìrì bá dé, ẹ̀gbẹ́ ni à ń dá ọmọ dùbúlẹ̀ sí. A kì í ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ló kàn.