Àṣẹ Tó Pẹ́ Ju Aláṣẹ Lọ: Ìnúnibíni Ìjọba Onígbàgbọ́ àti Ogún Rẹ̀ ní Agége òun Ìkẹjà

Abala 207 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Lugard gbé jáde ní ọdún 1916 ṣì wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi májèlé tàbí epo gbígbóná dán èèyàn wò láti mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó tún fún olórí ìjọba lágbára láti ka ìbọ èyíkéyìí léèwọ̀, bí ó bá ti rí i lójú tirẹ̀ pé ó lè fa ìwà ọ̀daràn, ìdàrúdàpọ̀ tàbí àrùn àkóràn. Kò sí pé ó ń gbọ́ tẹnu àwọn tó ń bọ ọ́. Abala 210 ló gba iṣẹ́ yòókù ṣe: ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ń dúró de ẹni tó bá wà níbi ìbọ tí a kà léèwọ̀, tàbí tó bá ta oògùn tí wọ́n ní ó lè dá ẹlòmíràn lọ́wọ́ kọ́ nínú ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe.

Ẹ wo àtẹ lẹ́kulẹ́ja ní ọjà Agége: ìkarahun ahun, orí ẹyẹ gbígbẹ, ẹfun, osùn, atare, egbò igi tí a so ní ìdì-ìdì. Mùsùlùmí ń yà síbẹ̀, onígbàgbọ́ ń yà síbẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ wá ẹ̀sùn sí ìyá tó ni àtẹ náà lẹ́sẹ̀ kò ní wá a jìnnà.

Èrò mi ni pé ìwà ipá nìkan kọ́ ni ìjọba onígbàgbọ́ ayé àtijọ́ fi sílẹ̀. Wọ́n fi irinṣẹ́ kan sílẹ̀, ìyẹn agbára tí aláṣẹ ní láti sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀sìn àti èyí tó jẹ́ ọ̀ràn. Ẹnikẹ́ni tó bá dé orí àga ni irinṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún.

Ní ọdún 380 ni olú ọba Theodosius sọ ẹ̀sìn Kristi ti ìjọ àgbáyé di ẹ̀sìn ìjọba Róòmù. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tí Magnus Maximus, tí òun náà jẹ́ olú ọba, fi bẹ́ orí Priscillian ní Trier, bẹ́ẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù Kristẹni ni Priscillian. Ní ọdún 1685, ọba Louis kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé gba òmìnira ẹ̀sìn kúrò lọ́wọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Ọdún yẹn kan náà ló ṣòfin pé kí a ṣe ìrìbọmi fún gbogbo ẹrú erékùṣù rẹ̀, kí ẹ̀sìn mìíràn má sì hàn ní gbangba níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa wà lára ẹrú tí òfin yìí bá ní Saint-Domingue, tí a ń pè ní Haiti lónìí.

Ti Bràsíl ló yà mí lẹ́nu jù. Oṣù kìíní ọdún 1890 ni ìjọba níbẹ̀ ya ara rẹ̀ kúrò lára ìjọ Kátólíìkì. Nígbà tí ọdún ọ̀hún yóò fi parí, òfin tuntun ti wà tí ọlọ́pàá fi ń wọ ilé òrìṣà, tí wọ́n ń kó ìlù àti ojúbọ lọ. Ẹrù tó lé ní 500 wà ní àhámọ́ ọlọ́pàá ní Rio títí di ọdún 2020, kí wọ́n tó kó o lọ sí mùsíọ́ọ̀mù. Ìjọba ti kúrò nínú ìjọ, irinṣẹ́ kò kúrò lọ́wọ́ ìjọba.

Nílé níhìn-ín, àwọn kan lè sọ pé ó nídìí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe abala 207. Ó nídìí lóòótọ́. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrá fúnra rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn abọ-Ṣọ̀pọ̀ná (kí Bàbá má bínú pé mo pe orúkọ), ó sì jábọ̀ pé wọ́n ń tan àrùn ìgbóná ká. Ó jọ pé ìyẹn ló bí ọ̀rọ̀ àrùn àkóràn inú abala náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń tan àrùn kò ju kí a mú un, kí a dá a lẹ́jọ́. Kí ló kan àgbàlagbà tó ń bu omi tútù sílẹ̀ fún òrìṣà tí baba rẹ̀ bọ?

Irú òfin yìí kò sì mọ ojú olówó rẹ̀. Ní ọdún 1932, lẹ́yìn ìwàásù rẹ̀ ní Otuo, wọ́n fi wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù 6 ní Benin nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ nípa àjẹ́, bẹ́ẹ̀ oníwàásù Jésù ni. Ẹ fi èyí wé ti Jacob Kẹ́hìndé Coker, àgbẹ̀ kòkó tó gbajúmọ̀ ní Ìfákò lẹ́bàá Agége. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú kúrò ní ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1901 tí wọ́n dá Ìjọ African sílẹ̀, kò sí ọlọ́pàá tó wá wọn wá. Wọ́n dáko, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá bá Gẹ̀ẹ́sì jà nínú ẹ̀sìn tí Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, tó sì ń ṣe é lọ́nà tí Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, ni òmìnira ẹ̀sìn wà fún.

Irú ojú yìí ni mo fi wo ẹjọ́ híjáàbù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà ní ìjọba Èkó jàre bó ṣe ní kí ọmọbìnrin má lo híjáàbù mọ́ aṣọ ilé ìwé. Wọ́n ní ìjọba kò ṣe ti ẹ̀sìn kankan. Ṣùgbọ́n aṣọ ilé ìwé náà, ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì la ti kọ́ ọ, òun la wá ń pè ní aṣọ tí kò lẹ́sìn. Ó di oṣù kẹfà ọdún 2022 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá àwọn ọmọ náà láre, adájọ́ 5 sí 2.

Àwọn mùsùlùmí náà kò ní kí wọ́n má gba irinṣẹ́ náà mú. Ní ọdún 2023, àwọn mùsùlùmí kan ní Ìlọrin fárígá pé kò sí ẹni tí yóò ṣọdún Ìṣẹ̀ṣe níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Èkó fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ó dára, mo gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni ọjọ́ ìsinmi, gómìnà tó bá tún dé lè gbà á padà. Ohun tó yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe kò le: kí wọ́n yọ agbára kíka ìbọ léèwọ̀ kúrò nínú abala 207, kí wọ́n fi ti májèlé àti epo gbígbóná sílẹ̀ níbẹ̀. Ìpànìyàn ní òfin tirẹ̀, títan àrùn náà sì ní tirẹ̀.