Ihò Òkété: Ìmọ̀ Ọdẹ Yewa àti Ìtàn Ilé Ọ̀sìn

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí òkété àti ilé tí ó yẹ ẹ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ sin òkété kí ara sì tù ú, ta ni yóò kọ́ ọ ní irú ilé tí yóò kọ́ fún un? Èrò mi ni pé ọdẹ ni olùkọ́ àkọ́kọ́.

Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ẹ̀yà eku. Ẹ̀lírí wà, ẹmọ́ wà, àfè wà, èkúté ilé wà. Òkété dá dúró láàrin wọn. Ó lè wọ̀n ju kílógíráàmù kan lọ, ó sì ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ọdún 1840 ni Waterhouse, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé sáyẹ́ǹsì; àwọn tí ń ṣọdẹ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ní agbègbè Ìlaròó àti Ayétòrò, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò kí a tó sọ ọ́ di Yewa ní 1995, ọdẹ tí yóò wa òkété kì í sáré gbé ọkọ́ sí ẹnu ihò tí ó kọ́kọ́ rí. Yóò wá ẹnu ihò yòókù, yóò sì dí wọn, nítorí òkété kì í gbé ilé tí kò ní ọ̀nà àbáyọ. Nínú ilẹ̀ ni yóò ti bá yàrá oorun tí a tẹ́ ewé gbígbẹ sí, àká èkùrọ́, àti ibi ìyàgbẹ́ lọ́tọ̀.

Òwe wa ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìwà ọmọ ènìyàn ni òwe náà ń bá wí. Àwọn tí ó kó òwe àti ìjálá jọ pọ̀; àwọn tí ó kọ ìmọ̀ ihò sílẹ̀ kò tó nǹkan.

Ní 1975, S. S. Ajayi ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí sísin òkété àti bíbí rẹ̀. Ẹni tí yóò tẹ̀ lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ihò náà ni àpẹẹrẹ ilé: àpótí tí ó ṣókùnkùn, ewé gbígbẹ tí yóò fi tẹ́ ibùsùn, ibi ìyàgbẹ́ tí ó jìnnà sí oúnjẹ, ìbòòji, àti èkùrọ́ líle tí yóò máa fi eyín họ, nítorí eyín iwájú rẹ̀ kì í yé hù. Nǹkan tí yóò máa kó pamọ́ náà ṣe kókó. Òkété tí kò ríṣẹ́ ṣe yóò jẹ igi àgò rẹ̀.

Níbòmíràn, ìtọ́jú tí ó péye ti so èso. Ní Morogoro, ní Tànsáníà, ẹgbẹ́ APOPO, tí a dá sílẹ̀ ní 1997, ń kọ́ ìbátan òkété wa láti gbóòórùn bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀. Magawa, ọ̀kan nínú wọn, rí 71 ní Kàmbódíà. Ó gba àmì ẹ̀yẹ oníwúrà ní 2020, ó sì kú ní 2022. Ṣùgbọ́n ní 2003, àwọn òkété tí wọ́n kó láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà fún títà gbé àrùn tí a ń pè ní mpox lónìí lọ. Wọ́n kó wọn sítòsí ẹranko mìíràn, àrùn ràn, ó sì dé ara ènìyàn. Ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de kíkó wọn wọlé lọ́dún náà. Ilé tí ó tu ẹran lára gbọ́dọ̀ dáàbò bo olówó rẹ̀ pẹ̀lú.

Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Ayétòrò. Àwọn àgbà ọdẹ sì wà ní abúlé tí ó yí i ká, ọjọ́ orí wọn sì ń lọ. Mo rọ̀ yín pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn jọ tọ̀ wọ́n lọ, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀.