Ìpànìyàn Whitechapel, 1888: Ohun tí Ìmọ̀ Ìwádìí Òde Òní Fìdí Rẹ̀ Múlẹ̀ àti Ibi tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Àṣamọ̀

Láàárín ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ sí ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1888, wọ́n pa obìnrin márùn-ún ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ kò sì tẹ ẹni tó ṣe é títí dòní. Àpilẹ̀kọ yìí gbé àwọn ọ̀nà ìwádìí òde òní tí àwọn onímọ̀ ti lò lórí ẹjọ́ náà yẹ̀ wò: ìtúpalẹ̀ ìwà apànìyàn, ìwádìí orí máàpù, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, àyẹ̀wò DNA àti ìwádìí nínú àkójọ ìwé àtijọ́. A ó fi hàn pé ibi tí ẹ̀rí ọdún 1888 bá wà ní ìpamọ́ ni irinṣẹ́ tuntun ti so èso. Níbi tí ẹ̀rí bá ti bàjẹ́, kò sí irinṣẹ́ tó lè tún un ṣe.

1. Ìfáárà

Ìwé tí wọ́n ti kọ lórí apànìyàn tí ayé mọ̀ sí Jack the Ripper pọ̀ jọjọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ wọ́n ló sì ní ẹni tí wọ́n nàka sí. Wọ́n ti fẹ̀sùn kan dókítà, agbẹjọ́rò, ayàwòrán, onígbàjámọ̀, àní ọmọ ọba pẹ̀lú. Orúkọ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò pọ̀ tó orúkọ. Ní báyìí tí àyẹ̀wò inú yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn ìwé ìròyìn ti kéde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé àṣírí ti tú. Ojúṣe onímọ̀ ni láti béèrè ohun tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ dúró lé. Ìtìjú ńlá ni láti fẹ̀sùn ìpànìyàn kan òkú tí kò lè wí tẹnu rẹ̀. Àìdára ni pẹ̀lú sí àwọn obìnrin tó kú, bí a bá fi àlọ́ dípò òtítọ́.

2. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà

Mary Ann Nichols, ẹni ọdún 43, ni wọ́n kọ́kọ́ rí òkú rẹ̀, ní Buck's Row, ní ìdájí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, wọ́n rí Annie Chapman, ẹni ọdún 47, ní ẹ̀yìnkùlé ilé 29 ní Hanbury Street. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù náà, ẹni méjì ló kú. Ní nǹkan bí aago kan, wọ́n bá Elizabeth Stride, ẹni ọdún 44, nínú àgbàlá kan tí wọ́n ń pè ní Dutfield's Yard. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́pàá Edward Watkins, tó ń ṣọ́ àdúgbò kiri, já lu òkú Catherine Eddowes, ẹni ọdún 46, ní Mitre Square, ibi tó ti gbà kọjá ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú láìrí nǹkan kan. Mary Jane Kelly, tó tó bí ẹni ọdún 25, ni wọ́n pa sínú yàrá rẹ̀ ní Miller's Court ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá.

Obìnrin mọ́kànlá ló wà nínú fáìlì àwọn ọlọ́pàá, láti oṣù kẹrin ọdún 1888 títí dé oṣù kejì ọdún 1891. Àwọn márùn-ún òkè yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọwọ́ kan náà ló pa wọ́n.

3. Bí ẹ̀rí ṣe sọnù

Ìgbà tí ìpànìyàn yìí wáyé, ìwádìí ọ̀daràn ṣì wà ní ọmọdé. Henry Faulds ti kọ̀wé sínú jọ́nà Nature ní ọdún 1880 pé a lè fi àmì ìka ọwọ́ mọ ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ọdún 1901 ni Scotland Yard tó dá ẹ̀ka àmì ìka sílẹ̀. Ọdún 1901 kan náà ni Paul Uhlenhuth ní Jámánì gbé ọ̀nà tí a fi ń ya ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹranko jáde. Ní ti DNA, ọdún 1984 ni Alec Jeffreys ṣàwárí bí a ṣe lè fi dá ẹnìkan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, ní Yunifásítì Leicester.

Ṣùgbọ́n àìsí irinṣẹ́ nìkan kọ́ ló ba ẹjọ́ yìí jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé òkú Nichols dé mọ́ṣúárì, ọkùnrin méjì láti ilé àwọn aláìní bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n sì wẹ̀ ẹ́ kí dókítà tó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ tán. Ní ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ sí òkú Chapman: àwọn nọ́ọ̀sì ti fọ̀ ọ́ kí Dókítà George Bagster Phillips tó dé, ó sì fi ẹ̀hónú rẹ̀ hàn gbangba níwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú náà.

Ti Goulston Street ló dunni jù. Ní aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú márùn-ún, lóru tí wọ́n pa Eddowes, ọlọ́pàá Alfred Long rí àjákù épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé ilé kan. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sára ògiri lókè ibẹ̀, ó sì dárúkọ àwọn Júù. Àwọn ọlọ́pàá City, tí Mitre Square wà lábẹ́ wọn, fẹ́ kí wọ́n dúró de ẹni tí yóò ya fọ́tò rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Sir Charles Warren, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Metropolitan, bẹ̀rù pé rògbòdìyàn yóò bẹ́ sílẹ̀ sórí àwọn Júù àdúgbò náà, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n nù ún dànù kí ọjọ́ tó là. Ìbẹ̀rù rẹ̀ nídìí, nítorí ìkórìíra ti ń ru nílùú. Síbẹ̀, wọn ì bá ti fi aṣọ bò ó títí tí fọ́tò yóò fi parí. Ọ̀rọ̀ tí Long kọ sílẹ̀ àti èyí tí òtẹlẹ̀múyẹ́ Daniel Halse kọ kò bára mu: ibi tí ẹnìkan fi "kọ́" sí yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì, ìtumọ̀ sì yí padà. Kò sí ẹni tó lè là wọ́n mọ́, nítorí ògiri ti mọ́.

4. Àwọn ọ̀nà òde òní

4.1 Ìtúpalẹ̀ ìwà apànìyàn

Ọjọ́ kejì ikú Kelly ni Dókítà Thomas Bond kọ ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọlọ́pàá, níbi tó ti ṣàpèjúwe irú ẹni tí apànìyàn náà lè jẹ́: ọkùnrin alágbára tí àyà kò já, tí ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn jẹ́jẹ́, tí kò sì ní ìmọ̀ iṣẹ́ abẹ, kódà kò tó ti alápatà. Ọ̀pọ̀ ka ìwé yẹn sí ọ̀kan lára àwọn àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ irú ìtúpalẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n Phillips, tó yẹ òkú Chapman wò, sọ pé ẹni tó pa á mọ ẹ̀yà ara ènìyàn. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ní 1988, John Douglas ti FBI náà ṣe ìtúpalẹ̀ tirẹ̀.

Iṣẹ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni ti Robert Keppel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2005. Wọ́n fi àwọn ìpànìyàn mọ́kànlá inú fáìlì wé àkójọ ẹjọ́ ìpànìyàn ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, láti mọ àwọn àṣà tó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè jẹ́ àmì ọwọ́ ẹnìkan. Wọ́n gbà pé mẹ́fà ló jọra, wọ́n sì fi Martha Tabram, tí wọ́n pa ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, kún àwọn márùn-ún. Ọ̀nà yìí lè sọ èyí tó bá èyí tan nínú àwọn ìpànìyàn, kò lè dárúkọ ẹni tó ṣe wọ́n.

4.2 Ìwádìí orí máàpù

Kim Rossmo, tó jẹ́ òtẹlẹ̀múyẹ́ ní Vancouver ní Kánádà, ló gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi ń ṣírò ibi tó ṣeé ṣe kí ọ̀daràn máa gbé láti ara ibi tó ti ṣọṣẹ́. Bó ṣe lo ọ̀nà náà fún Whitechapel, agbègbè Flower and Dean Street àti Thrawl Street ló yọ jù. Èsì yìí bọ́gbọ́n mu, ó sì sún wa láti gbà pé ará àdúgbò ni apànìyàn náà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé òpópónà tí ilé ìsùn olówó pọ́ọ́kú kún fọ́fọ́ ni ibẹ̀, àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n pa sì máa ń sùn níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí máàpù náà máa fi ibi tí àwọn obìnrin ń gbé hàn wá ju ibi tí apànìyàn ń gbé lọ.

4.3 Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè

Orúkọ Jack the Ripper kò ti ẹnu ọlọ́pàá jáde. Inú lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní "Dear Boss", tó dé iléeṣẹ́ ìròyìn Central News ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, ni ó ti jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà ló tẹ̀lé e. Ní 2018, Andrea Nini ti Yunifásítì Manchester kó 209 nínú wọn jọ, ó sì fi kọ̀ǹpútà wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀léra ní méjì-méjì, láti mọ lẹ́tà tí ìlò ọ̀rọ̀ wọn papọ̀ kọjá èèṣì. Ó rí ẹ̀rí tó lágbára pé ẹnìkan náà ló kọ "Dear Boss" àti káàdì "Saucy Jacky", méjèèjì tí àwọn ará ìlú kọ́kọ́ gbọ́ nípa wọn. Èyí bá ohun tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ti ń fura sí tipẹ́tipẹ́ mu, pé akọ̀ròyìn kan ló ń fi lẹ́tà wá ọjà fún ìwé ìròyìn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé orúkọ tí ayé fi ń pe apànìyàn náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀nà yìí ṣàṣeyọrí kò ju pé ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà kò yí padà láti 1888. Ọwọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè kan bébà náà, ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ wà bó ṣe wà.

4.4 Àyẹ̀wò DNA

DNA kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2007, ẹnìkan ra ìborùn sílíìkì kan ní gbàǹjo. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òkú Eddowes ni sájẹ́ǹtì Amos Simpson ti mú un. Ní 2019, Jari Louhelainen àti David Miller tẹ àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ jáde nínú Journal of Forensic Sciences: DNA orí rẹ̀ bá ti àtọmọdọ́mọ Eddowes mu, ó sì bá ti ẹnìkan tó jẹ́ ìran arábìnrin Aaron Kosminski mu, onígbàjámọ̀ Júù tó wá láti Póláńdì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìborùn náà dáadáa. Ní alẹ́ ikú Eddowes, àwọn ọlọ́pàá City kọ gbogbo ẹrù tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ fínnífínní: agolo tíì, agolo ṣúgà, ọṣẹ wẹ́wẹ́ mẹ́fà, páìpù amọ̀ méjì, kóòmù, ṣíbí kan. Ìborùn yìí kò sí níbẹ̀. Ọlọ́pàá Metropolitan ni Simpson, abẹ́ City sì ni Mitre Square wà. Láti 1888 dé 2007, kò sí àkọsílẹ̀ ìjọba kan tó tọpa ìborùn náà láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Èkejì, DNA tí wọ́n yẹ̀ wò ni èyí tí ìyá nìkan ń fún ọmọ. Àìmọye ènìyàn tí kò mọra lè ní irú rẹ̀. Ó dára láti fi yọ ẹnìkan kúrò nínú ẹjọ́, kò tó láti fi dá ẹnìkan lẹ́bi. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ìròyìn àyẹ̀wò ìborùn náà kọ́kọ́ jáde ní 2014, kí àpilẹ̀kọ 2019 tó wáyé, àwọn onímọ̀, títí kan Jeffreys fúnra rẹ̀, tọ́ka sí i pé wọ́n ṣi àmì kan kọ. Àmì tí wọ́n pè ní 314.1C, tí wọ́n ní ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, 315.1C ló yẹ kó jẹ́, èyí tó wà lára ohun tó lé ní 99% àwọn ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ̀kẹrin, àpilẹ̀kọ 2019 fi àwòrán aláwọ̀ dípò àkọsílẹ̀ DNA náà gan-an, tí ẹlòmíràn kò fi lè tún un yẹ̀ wò.

4.5 Àkójọ ìwé àtijọ́

Ọ̀nà tí kò gba ẹ̀rọ kankan ló ṣe wá lóore jù. Ní ọdún 1894, Melville Macnaghten, ọ̀gá ọlọ́pàá, kọ orúkọ afurasí mẹ́ta sílẹ̀: Druitt, Kosminski àti Michael Ostrog. Àwọn òpìtàn wá inú àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì rí i pé ẹ̀wọ̀n ni Ostrog wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa àwọn obìnrin náà. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn afurasí kí ìwé tó dá a láre.

Ní 2019, Hallie Rubenhold tẹ ìwé The Five jáde. Ó wá ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilé àwọn aláìní àti ẹ̀rí níwájú ìgbìmọ̀ ikú, ó sì jiyàn pé kò sí ẹ̀rí pé aṣẹ́wó ni mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún. Àwọn òpìtàn kan kò gbà fún un tán, ṣùgbọ́n ó ti fi ìyàwó ilé, ìyá ọmọ àti òṣìṣẹ́ hàn wá níbi tí a ti ń wo òkú nìkan.

5. Àgbéyẹ̀wò

Ẹ jẹ́ ká fi ẹjọ́ mìíràn wé e: ní 2018, ọwọ́ tẹ Joseph DeAngelo ní Kalifọ́níà fún àwọn ìpànìyàn tó wáyé láàárín ọdún 1975 sí 1986. DNA tí wọ́n fi tọpa ẹbí rẹ̀ wá láti ara ẹ̀rí tí wọ́n kó ní Ventura ní 1980, tí wọ́n sì fi pamọ́ dáadáa. Ìmọ̀ náà ni ọ̀kan, ìpamọ́ ló yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní Ventura ni wọn kò ṣe ní mọ́ṣúárì Whitechapel.

Nítorí náà, a dábàá ìbéèrè mẹ́ta fún ẹnikẹ́ni tó bá tún dárúkọ kan. Ṣé ẹ̀rí yìí wà nínú àkọsílẹ̀ 1888? Ọwọ́ ta ni ó ti gbà kọjá? Ǹjẹ́ ẹlòmíràn lè tún àyẹ̀wò náà ṣe? Ìborùn náà kò yege nínú ọ̀kankan.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kosminski ṣàìsàn ọpọlọ, wọ́n gbé e sílé ìwòsàn ní 1891, ó sì kú ní 1919 láìfojú ba ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé Macnaghten tó kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ nìkan àti ìborùn tí a kò mọ orísun rẹ̀ kò tó láti pè é ní apànìyàn. Ìmọ̀ òde òní ti jẹ́ ká mọ ìpànìyàn tó jọra, ó ti tú àṣírí lẹ́tà, ó ti dá ọkùnrin kan láre, ó sì ti dá ìgbé ayé obìnrin márùn-ún padà fún wọn. Èrè ńlá nìyẹn. Ohun tí kò lè ṣe ni kó dá ẹ̀rí tí wọ́n fọ̀ nù padà, onímọ̀ tó bá sì sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí láìfi orúkọ ẹnikẹ́ni dí àlàfo náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé.